Orí Kẹfà: Ohun Tí Ojú Ń Bá Olùkọ́ Ṣe

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n mo rò pé kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó ń jẹ èrè òwe yìí lójoojúmọ́, láìmọ̀ pé òun ń jẹ ẹ́, tó ẹgbẹ́ àwa olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ ìṣirò kan bí ó ti dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Adó-Èkìtì, tí ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ 45 sì jókòó níwájú rẹ̀: ó ń ṣàlàyé bí a ti ń pín ìdá sí ìdá, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun yéni yékéyéké, títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sára ọmọ kan ní ìlà kẹta, tí ó ti gé ìdí bírò jẹ títí ó fi rún, tí ó sì ń yọ́ ìwé ẹnìkejì rẹ̀ wò bí ẹni tí ọ̀nà ti pòórá mọ́ lójú. Kò sí ẹni tí ó sọ fún olùkọ́ náà pé kí ó dúró. Òun fúnra rẹ̀ ni ó nu ohun tí ó kọ kúrò, tí ó ti ọ̀rọ̀ ìdá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sì mú iṣu wọlé: "Bí ìyá yín bá gé iṣu kan sí ọ̀nà mẹ́rin, tí ó wá ku ẹyọ kan, tí ẹ̀yin méjì sì ní láti pín in..." Kí ó tó parí gbólóhùn náà, bírò ti kúrò lẹ́nu ọmọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí kò sí nínú nóòtì ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ náà kọ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì fi yíǹkì pupa fọwọ́ sí. Ojú ni ó ṣe é. Ojú ni ó ń sọ fún olùkọ́ pé ebi ti ń pa àwọn tí ó wà lẹ́yìn. Ojú ni ó ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí ó mi orí nítorí pé ọ̀rọ̀ yé e àti ọmọ tí ó mi orí nítorí pé ó fẹ́ kí a fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ojú náà ni ó sì ń bo àṣírí olùkọ́ tí kò gbáradì, nítorí pé ibi tí ìmúra rẹ̀ bá pin sí, ibẹ̀ ni ojú ti ń gba iṣẹ́ ṣe. Èmi tí mo ń kọ èyí ti kọ́ni rí pẹ̀lú nóòtì tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Nítorí náà, ohun tí orí yìí fẹ́ sọ kò gùn. Ní ọjọ́ tí a bá gbé kíláàsì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ni ohun àkọ́kọ́ tí a ń fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo àtúnṣe tí ojú ìbá sì ti ṣe bí ẹ̀kọ́ ti ń lọ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti ṣe tán kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé fóònù olówó iyebíye tàbí kọ̀ǹpútà tuntun ni ìmúra, ẹni náà dà bí ọdẹ tí ó ra ìbọn tí kò ra ẹ̀tù.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2020 ni a gbọ́ pé àrùn kòrónà ti wọ Èkìtì. Kí oṣù náà tó tán, ilé ẹ̀kọ́ gbogbo, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, ti tì pa. Kò pẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀, tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, fi gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí apá wọn ká a sì ní kí àwọn olùkọ́ wọn lọ máa kọ́ni lórí Zoom tàbí Google Meet, tàbí kí wọ́n kó àwọn òbí jọ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan. Ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, tí n kò ní dárúkọ, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wa láti múra.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ni báyìí, mo ṣe bí ẹni tí ó kó kúrò nínú ilé alájà méjì tí ó sì fẹ́ rọ́ gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú yàrá kan. Mo tẹ́ nóòtì ẹ̀kọ́ wákàtí kan àti ààbọ̀ sórí tábìlì, mo gbé fóònù ti ìgò omi kan, mo sì jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí mi lára. Nínú àwọn ọmọ 31 tí orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà mi, 12 ni ó wọlé. Ìyá ọ̀kan gba fóònù rẹ̀ padà nígbà tí oníbàárà pè é. Ohùn ọ̀kan ń já lulẹ̀ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Nígbà tí ó di bí ìṣẹ́jú 20, òjò àkọ́rọ̀ dé, ó sì bọ́ sórí páànù ilé mi bí ìgbà tí a da àpò àgbàdo sórí irin. N kò gbọ́ ohùn ara mi mọ́, síbẹ̀ mo ń pariwo lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti gbàgbé pé ẹni tí kò bá sanwó fún Zoom kò ní ju ìṣẹ́jú 40 lọ fún ìpàdé ọlọ́pọ̀ ènìyàn. Àárín àpẹẹrẹ kẹta ni mo wà tí ojú fóònù fi ṣókùnkùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe ìṣẹ́jú 40, ni ó dùn mí jù. Ohun tí ó dùn mí ni pé mo béèrè nígbà mẹ́fà tàbí méje pé, "Ṣé ó yé yín?" Ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń dáhùn, "Ó yé wa, sà." Mo gba ohùn ọ̀kan yẹn fún ohùn gbogbo wọn, èmi tí ó jẹ́ pé, bí a bá wà nínú kíláàsì ni, n kò ní gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ gbọ́ láéláé. Nígbà tí mo fún wọn ní iṣẹ́ ṣe ní ọjọ́ kejì, àwọn tí ó rí i ṣe kò pé mẹ́ta.

Síbẹ̀, ìkọ́ni láìfojúkojú kì í ṣe ohun àjèjì, pàápàá jù lọ ní ìlú Adó. Ní ọdún 1840 ni Isaac Pitman, ará Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà kọ́ àwọn ènìyàn ní ìkọ̀wé aláyára tí ó dá sílẹ̀, tí wọn yóò kọ ọ́, tí wọn yóò fi ránṣẹ́ padà, tí òun yóò sì tún un ṣe. Ní ọdún 1858, Yunifásítì London ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà rẹ̀ rí. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni Olóyè Afẹ́ Babalọlá tọ̀, ọmọ Adó tí a bí ní ọdún 1929, tí ó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Emmanuel ní ìlú yìí ni ó ti mọ ìjókòó kíláàsì mọ: ẹ̀kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ Wolsey Hall ń fi ránṣẹ́ láti Oxford ni ó fi gba ìwé ẹ̀rí Cambridge, ó fi ìdánwò ẹni tí kò sí nínú ọgbà gba oyè ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti ti òfin ti London, ó di agbẹjọ́rò ní Ìlú Ọba ní ọdún 1963, nígbà tí ó sì di ọdún 2009, ó dá yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Adó.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń fi ìtàn yìí yin akẹ́kọ̀ọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ẹlòmíràn ni ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀: ẹni tí ó jókòó ní òkè òkun tí ó kọ àwọn ẹ̀kọ́ náà, tí kò mọ àwọ̀ ẹni tí yóò kà á, tí kò sì lè rí ìdí bírò tí ẹnikẹ́ni ń gé jẹ. Kí ni ó ṣe sí àìríran rẹ̀? Ó gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó fi ìbéèrè sí ìdí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn rẹ̀ kí ó sì fi í sínú àpò ìwé. Ìdáhùn yẹn ni ó wá fi ṣe ojú. Ohun tí ìbéèrè bá tú fó, ó mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ Èkìtì ni ó gba ìwé ẹ̀rí wa lọ́nà tí ó jọ èyí, nípasẹ̀ National Teachers' Institute tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1976, nínú àwọn ìwé tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ka ojú ewé mẹ́ta láìbi í ní ìbéèrè. Ó yà mí lẹ́nu pé nígbà tí ó di ọwọ́ tiwa ní 2020, a gbàgbé bí wọ́n ti ṣe é fún wa.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 yẹn ni Charles Hodges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ní Amẹ́ríkà kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó gba ayé ẹ̀kọ́ kan, nínú èyí tí wọ́n ti ya ìkọ́ni pàjáwìrì sọ́tọ̀ kúrò lára ìkọ́ni orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ara balẹ̀ ṣe. Wọ́n ní ètò ẹ̀kọ́ yunifásítì kan tí a fẹ́ fi kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án láti múra rẹ̀ sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Oṣù mẹ́sàn-án, èyí tí a fi ń lóyún ọmọ! N kò sọ pé kí olùkọ́ Ìgèdè tàbí ti Ìyìn máa retí oṣù mẹ́sàn-án kí ó tó kọ́ni ní ìdá. Ṣùgbọ́n ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ lè tún tì lọ́la, yálà nítorí àìsàn tàbí nítorí ìyanṣẹ́lódì, kò yẹ kí ọjọ́ mẹ́ta tún bá a lójijì.

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ wò ni ilé àwọn ọmọ, kì í ṣe ojú fóònù ara rẹ̀. Kí ó mú rẹ́jísítà rẹ̀, kí ó fa ìlà mẹ́rin sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì pe àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan: fóònù ta ni ọmọ yìí yóò lò? Aago mélòó ni fóònù náà máa ń wà nílé? Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wo ni ó dára ní àdúgbò yín? Ọmọ mélòó ni yóò pín in lò? Ìgbà tí mo ṣe èyí lẹ́yìn ìtìjú mi ni mo tó rí i pé aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tí mo fi kíláàsì sí jẹ́ wákàtí tí fóònù ìyá Adó wà ní ọjà Ọba, tí fóònù baba sì wà nínú àpò rẹ̀ lórí ọ̀kadà tàbí nínú oko ní ọ̀nà Ìlawẹ̀. Láàárín aago méje àti mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ni ọ̀pọ̀ fóònù ń padà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé fóònù ni ó yan wákàtí fún mi, ìmúra kan yìí nìkan sì sọ àwọn 12 di 26, láìfi kọ́bọ̀ kan kún un.

Lẹ́yìn ilé, ojú ọ̀nà ni ó kàn. Orúkọ Èkìtì gan-an, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́, láti ara òkìtì ni ó ti wá, ẹni tí ó bá sì ti gba ọ̀nà Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Òkè tí ó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ogun ni ó wá ń dí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lójú lónìí. Ohun tí fóònù fi ń bá òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sọ̀rọ̀ jẹ́ ìgbì, ìbátan ìmọ́lẹ̀ ni, ó sì ní ìwà ìmọ́lẹ̀: ó fẹ́ràn láti máa lọ tààrà. Bí ìgbì bá ṣe gùn tó ni ó ṣe ń lè tẹ ara rẹ̀ gba èjìká òkè kọjá. Ìgbì rédíò FM gùn tó mítà 3. Ti fóònù, àwọn kan fi díẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, àwọn mìíràn kò sì ju ínṣì mẹ́rin ààbọ̀. Nítorí èyí, àti nítorí agbára ńlá tí ilé iṣẹ́ rédíò fi ń gbé ohùn jáde, ọmọ tí ilé wọn wà ní kòtò láàárín òkè méjì lè gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí rédíò ketekete, kí fóònù ìyá rẹ̀ sì máa wá òpó kiri nínú yàrá kan náà. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe alágídí. Ó lè jẹ́ pé bí ó bá rin ogún ẹsẹ̀ lọ sí ìdí igi mángòrò tí ó wà lẹ́yìn ilé, tàbí tí ó bọ́ sí ìhà kejì ògiri, òkè kò ní sí láàárín òun àti òpó mọ́. Kí olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ kí ó dán an wò ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ó má jẹ́ pé àárín ẹ̀kọ́ ni yóò máa rin kiri bí ẹni tí adìyẹ rẹ̀ sọnù.

Dátà ni epo tí ọkọ̀ yìí ń jẹ, ìṣirò rẹ̀ kò sì le rárá. Zoom fúnra rẹ̀ sọ pé ohùn nìkan ń gba bí kílóbíìtì 80 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí fídíò ọlọ́pọ̀ ènìyàn tí ó dára díẹ̀ sì ń gba 600. Bíìtì mẹ́jọ ni ó wà nínú báìtì kan, wákàtí kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3,600. Ẹni tí ó bá mú 80, tí ó pín in sí 8, tí ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3,600, yóò rí i pé ohùn wákàtí kan kò ju bí mẹ́gábáìtì 36 lọ. Fídíò wákàtí kan náà jẹ́ 270 fún rírí ẹlòmíràn nìkan; bí ọmọ náà bá tún ṣí kámẹ́rà tirẹ̀, dátà mìíràn tún ń jáde lọ. Iye tí òbí kan yóò fi rí ojú olùkọ́ fún wákàtí kan ni ó lè fi gbọ́ ohùn rẹ̀ fún wákàtí méje ààbọ̀. Ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún tí a gbà sílẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò tilẹ̀ sábà pé mẹ́gábáìtì kan, kò sì béèrè pé kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dúró ṣinṣin ní wákàtí kan pàtó. Ìgbà tí ó bá dé ni yóò dé. Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Mo sì rò pé ní ilẹ̀ wa yìí, tí a mọ iyán ju ẹnikẹ́ni lọ, kò yẹ kí ojú tì wá láti fi ohùn díẹ̀ àti àwòrán kan tí a fi ọwọ́ yà lórí ìwé kọ́ni, dípò kí a máa lépa fídíò tí kò ní dé.

Ibi tí iṣẹ́ wà jù lọ nìyí: gígé ẹ̀kọ́. Bí ẹnìkan bá kó ẹyin méje lé ọmọdé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò bá ọmọ náà wí bí ó bá fọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ tí ọkàn fi ń gbé ohun tuntun kéré bẹ́ẹ̀. George Miller, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, sọ ní ọdún 1956 pé nǹkan bí méje ni ọkàn ń gbé mọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nelson Cowan tún un yẹ̀ wò ní 2001, ó ní ó sún mọ́ mẹ́rin. Nínú kíláàsì, ojú olùkọ́ ni ó ń rí ẹyin tí ó fẹ́ já bọ́ tí ó sì ń sáré gbà á. Níwọ̀n bí ojú kò ti sí mọ́, kí a dín ẹyin kù kí ọmọ tó na ọwọ́. Nóòtì wákàtí kan àti ààbọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo fi ara balẹ̀ túlẹ̀ rẹ̀, nǹkan tuntun 11 ni mo bá nínú rẹ̀. Mo mú mẹ́ta, mo sọ àwọn yòókù di ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ń ṣọ́ sikíìmù kò fi ojú rere wò mí.

Ní ọdún 2014, Philip Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìtọpinpin ìgbà mílíọ̀nù 6.9 tí àwọn ènìyàn wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ojúlé ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì rí i pé bí fídíò bá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pa á tì. Ohun méjì mìíràn tí wọ́n rí sàn lójú mi ju ìyẹn lọ. Èkínní, olùkọ́ tí ń fi ọwọ́ kọ ọ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ ń di ọkàn mú ju ẹni tí ń ṣí ojú ewé tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìwé, bírò, àti fóònù tí a so rọ̀ sókè orí tábìlì kò rẹlẹ̀ rárá. Èkejì, ẹ̀kọ́ kíláàsì tí a kàn gbà sílẹ̀ tí a sì gé wẹ́wẹ́ kò dùn ún wò tó èyí tí a pète rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí yóò wò ó láti òkèèrè. Ọ̀bẹ nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ tún ọbẹ̀ sè.

Ìbéèrè ni ojú tuntun. "Ṣé ó yé yín?" kì í ṣe ìbéèrè, ìkíni ni, ìkíni sì ni ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa fi ń dá a lóhùn. Kí olùkọ́ kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí ẹni tí kò yé kò lè fi "ó yé mi" dáhùn, kí ó sì kọ àṣìṣe tí ó ń retí sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá sọ pé ìlàjì pín sí ìdá mẹ́rin jẹ́ ìdá mẹ́jọ, ó ti sọ ibi tí ó ti ṣìnà fún mi, bí ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀. Ó lọ sọ ọ́ di ìlọ́po dípò pípín. Ìbéèrè yìí kì í sì í ṣe fún olùkọ́ nìkan. Àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, fi hàn ní 2006 pé àwọn tí ó ka ìwé tí a sì dán wọn wò lórí rẹ̀ rántí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju àwọn tí ó kàn tún un kà lọ. Fífa ọ̀rọ̀ jáde láti inú ọkàn a máa mú kí ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀.

Ti ibi ìkọ́ni kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ẹnu bá jìnnà sí fóònù ní ìlọ́po mẹ́ta, agbára ohùn tí ó dé ibẹ̀ di ìdá mẹ́sàn-án, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò dín kù rárá. Nítorí náà, kí a sún mọ́ ọn, tàbí kí a lo èyí tí à ń kì bọ etí, tí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́bàá àgbọ̀n. Kí a dojú kọ fèrèsé, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ jù níwájú kámẹ́rà ni ó ń tẹ̀ lé, ẹni tí ó bá sì kọ ẹ̀yìn sí i yóò dúdú bí egúngún tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìgbàlẹ̀. Ní àkókò òjò, kí a ti gba ohùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kí páànù tó bẹ̀rẹ̀ sí lu ìlù tirẹ̀. Iná? Kí fóònù kún ní ìrọ̀lẹ́, kí ohun tí à ń gbé iná sí fún un wà nítòsí. N kò ní kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná ní Nàìjíríà, ẹni tí ó ń kà á mọ̀ ọ́n tó mi.

Jeremy Bailenson ti Stanford kọ ní 2021 nípa ìdí tí ìpàdé orí fídíò fi ń rẹni ju bó ti yẹ lọ: ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó súnmọ́ni jù, àwòrán ara ẹni tí a ń wò láìdẹ́kun, ìjókòó ojú kan, àti wàhálà pé a ń wá àmì tí ara ìbá ti fi hàn. Mo rí ojú olùkọ́ tí ó sọnù nínú ìdí kẹrin yẹn. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kò tíì tán: kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ òbí kí a tó gba ohùn tàbí àwòrán ọmọ wọn sílẹ̀. Òfin tí ń dáàbò bo ìwífún ènìyàn ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, ìwà ọmọlúwàbí sì ti wà ṣáájú òfin.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀nà kejì gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìwé. Tèmi ni pé bí ìpàdé bá já, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ máa tún un pè. Kí gbogbo ọmọ lọ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, níbi tí ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwòrán kan, àti ìbéèrè mẹ́ta yóò ti wà ní ìpamọ́ fún wọn láti ọ̀sán. Mo kọ èyí ránṣẹ́ sí àwọn òbí ní èdè Yorùbá, ní ìlà méjì, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Mo tún máa ń bẹ ọmọ kan kí ó bá mi dán gbogbo rẹ̀ wò ní alẹ́ tí ó ṣáájú kíláàsì.

Ní ọ̀kan nínú àwọn alẹ́ wọ̀nyí, bí aago méje ààbọ̀, ọmọdébìnrin kan fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù ìyá rẹ̀. Odó ń dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ọmọ odó méjì ń gba ara wọn ní àgbàsọ. Ó dáhùn ìbéèrè kìíní wéré. Nígbà tí ó dé èkejì, ó dákẹ́. Odó dún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ó tó sọ ìdáhùn, ìdáhùn náà sì tọ̀nà. Mo tún ohùn náà gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ń ka odó. Lẹ́yìn náà ni mo fa nóòtì ọ̀la sún mọ́ mi, mo fa ìlà gba orí àpẹẹrẹ kejì, mo sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: iṣu.